Ọdún Mélòó ni Ọrùn Kan?

Ẹ̀rọ náà fi ìka irin méjì mú awọ ọrùn Ìbídùnní, ó fà á síwájú, ó jọ̀wọ́ rẹ̀, ó wá dákẹ́ bí ẹni tó ń retí àlejò. Iye ìgbà tí awọ náà yóò lò kó tó padà sílé ló ń kà. Awọ ọmọ ogún ọdún kì í pẹ́ lóde. Bí wọ́n bá ti jọ̀wọ́ rẹ̀ báyìí, ó ti délé. Ti Ìbídùnní rọra ń bọ̀ ní tirẹ̀, bí àgbàlagbà tó gbọ́dọ̀ kí gbogbo ará àdúgbò kó tó wọlé.

"Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin," ni ẹ̀rọ náà wí. "Ọrùn ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin. Ẹ kú àgbà, Mà."

"Má kí mi kú àgbà. Àgbà náà ló lé mi dé ibí."

Ọ̀gbẹ́ni Adébárẹ́, ẹni tí ń díye lé ọrùn ní Ilé Ọrùn, rẹ́rìn-ín lẹ́yìn tábìlì rẹ̀. Ojú rẹ̀ jẹ́ ojú ọmọ ọdún márùndínlọ́gbọ̀n, bí ojú gbogbo ènìyàn ní ìlú Ọ̀sà Tuntun, ṣùgbọ́n lábẹ́ àgbọ̀n rẹ̀ ni ọdún márùndínláàádọ́ta rọ̀ sí, wọ̀ọ̀wọ̀ọ̀, bí àpò ẹni tó ti ọjà dé. Nígbà tí Ìbídùnní wọlé, òpó ẹnu-ọ̀nà ti wo ọrùn àwọn méjèèjì, ó sì ti sọ ọ́ jẹ́jẹ́ pé, "Ọkùnrin, ìwọ lo kéré." Adébárẹ́ ti dìde, ó ti fi ọwọ́ kan ilẹ̀, kó tó padà jókòó.

Òpó ló ń bá ìlú mọ àgbà nísinsìnyí. Láti ìgbà tí ilé-ìwòsàn àdúgbò ti ń tún ojú ṣe lọ́fẹ̀ẹ́, tí ìyá, ọmọ àti ọmọ-ọmọ wá jọra bí ìbẹta, kò sẹ́ni tó mọ ẹni tí òun yóò kúnlẹ̀ fún mọ́. Bàbá ẹni ọdún méjìléláàádọ́rin kan dọ̀bálẹ̀ gbalaja ní báńkì fún ọmọdébìnrin kan, ọmọ náà sì ní, "Dìde, ó ti tó." Ìlú gbóná fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ìgbìmọ̀ bá wo ara ènìyàn láti òkè dé ìsàlẹ̀, wọ́n ní ọrùn nìkan ni kì í purọ́. Wọ́n fi òfin de ìborùn, wọ́n fi de kọ́là gíga, wọ́n fi de ìlẹ̀kẹ̀ tó bá fẹ̀ ju ìka méjì lọ. Ẹni tó bá sì fẹ́ kí ọrùn tirẹ̀ purọ́, kó wá sí Ilé Ọrùn wá ra irọ́ náà lọ́wọ́ ìjọba, kó sì fi ọdún san án.

"Mélòó ni?" Ìbídùnní béèrè.

"Mà, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí ẹ fẹ́."

"Mo fẹ́ máa ṣiṣẹ́. Lọ́jọ́ Ajé, òpó tuntun tí wọ́n gbé wá sí Ilé Omi yóò wo ọrùn mi. Bó bá kọjá ọgọ́ta, wọ́n á gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi."

Ọgbọ̀n ọdún ni Ìbídùnní ti ń ṣọ́ àwọn ẹ̀rọ tó ń sọ omi òkun di omi mímu fún ìlú. Yàrá méjì tó wà lókè ẹ̀rọ náà ni òun àti ìyá rẹ̀ ń gbé. Kọ́kọ́rọ́ kan náà ló ń ṣí ẹ̀rọ, òun náà ló ń ṣí yàrá.

Adébárẹ́ yí pátákó dígí rẹ̀ sí i. "Iye kì í ṣàdédé wá, Mà. Ẹ̀kínní, bí awọ ṣe tú tó. Tiyín tú, kí n má purọ́ fún un yín: ọdún méje. Ẹ̀kejì, iṣan abẹ́ awọ, okùn ọ̀tún àti tòsì láti àgbọ̀n dé àyà. Bí a bá fún ìyẹn náà, ọdún mẹ́rin. Ẹ̀kẹta, ọwọ́ tí yóò mú abẹ. Bó bá ṣe Ọ̀gá wa fúnra wọn, ọdún márùn-ún. Bí ẹ bá fẹ́ sùn kí ẹ má mọ nǹkan kan, ọdún méjì. Òru mẹ́ta lórí ibùsùn wa, ẹni tí yóò máa pààrọ̀ ọ̀já, tí yóò máa wo ẹ̀jẹ̀ ríru, ọdún mẹ́ta. Ó jẹ́ mọ́kànlélógún."

"Mọ́kànlélógún! Ọrùn nìkan ni mo ní, àbí ẹ ti ka orí mọ́ ọn?"

"Wọn yóò yọ ọ́ kúrò nínú Ìwé Ọjọ́-Orí yín, ẹ óò sì di ẹni ọdún márùndínláàádọ́ta. Ẹ óò di ẹgbẹ́ mi, Mà. Ijó ni àwọn mìíràn ń jó lọ sílé."

"Kí n di ẹgbẹ́ rẹ? Kí ni mo ṣe?"

Ó fi ń ṣẹ̀fẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ ń kà. Ẹ̀jọ. Kò gbọdọ̀ ju ẹ̀jọ lọ. Ọdún mẹ́sàn-án ló fi ju Adéọtí àbúrò rẹ̀ lọ, òfin sì ni pé ẹni tó dàgbà jù nínú Ìwé ló ń gbé àtẹ́lẹwọ́ lé àwo ìjọba sọ̀rọ̀ lórí òbí tó bá ti pé àádọ́rùn-ún ọdún. Lọ́dọọdún ni wọ́n ń béèrè: kó dúró sílé, tàbí kó máa lọ sí Òkè-Ìdẹ̀ra, ibi tí ìjọba ń kó àwọn arúgbó sí? Ó ti tó ọdún kan tí Màmá ti di ẹni àádọ́rùn-ún, ìbéèrè ti Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ sì ni ìkejì. Adéọtí ti sọ tirẹ̀ lésìí, lórí ìkúnlẹ̀, tòun ti omijé: "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ kí Màmá máa lọ. Nínú omi tí ìjọba ń pín fún mọ́lẹ́bí wa ni Màmá ń mu. Ọmọ mẹ́rin ni mo ní." Ìbídùnní sì ti gbé àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ lé àwo náà: kó dúró sílé.

Ẹni tó bá lọ sí Òkè-Ìdẹ̀ra kì í padà, ṣùgbọ́n ó máa ń ránṣẹ́ kí ilé. Ìyá Adéṣínà, aládùúgbò wọn, ti gbọ́ ìkíni ọkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rin lọ́dún mẹ́rin. Ọ̀rọ̀ náà ń yàtọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ikọ́ méjì tó wà ní ìparí rẹ̀ kò yàtọ̀ rí.

"Ọdún mẹ́ta," ni Ìbídùnní wí.

Adébárẹ́ pàtẹ́wọ́. "Mà! Ọdún mẹ́ta kò ra ọṣẹ tí a ó fi fọ ọrùn náà."

Ìbídùnní gbé àga rẹ̀ súnmọ́ tábìlì. Ọmọ alábọ́ tánganran ni. Nídìí àtẹ Màmá ló ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń nájà, kí òkun tó gbé ọjà náà lọ tòun ti àtẹ.

"Yọ iṣan kúrò. Ta ló ń wo iṣan? Awọ ni òpó ń wò."

"Yóò padà tú láìpẹ́, Mà. Bó pẹ́ títí, ọdún márùn-ún."

"Ọdún márùn-ún tó mi. Màmá mi kò ní..." Ó gbé ìyókù mì. "Yọ ọ́ kúrò."

"Mẹ́tàdínlógún."

"Yọ oorun kúrò."

"Ẹ óò gbọ́ abẹ létí o. A ó kàn pa ojú ibẹ̀ kú ni."

"Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ tó mú ju abẹ lọ. Yọ ọ́."

"Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún."

"Ibùsùn ńkọ́? Ṣé orí igi ni mò ń sùn nílé ni? Yọ ọ́."

"Ta ni yóò máa wo ọ̀já yín?"

"Dígí."

Adébárẹ́ mi orí, ó pa á rẹ́. "Méjìlá. Àwọn àgbà ní ọmọdé kò lè lákìísà bí àgbà. Àkísà tẹ́ ẹ fi gbogbo ayé kó jọ lẹ wá ń tà fún wa yìí, Mà, ẹ sì tún ń ná an fún wa."

"Ọ̀gá yín ló kù. Ṣé òun nìkan ló lọ́wọ́ ni?"

"Dókítà Ọyínkán wà. Ọmọ-iṣẹ́ ni wọ́n. Ọdún kan péré ni ọwọ́ tiwọn."

"Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ṣẹ́?"

"Ó ti di ọdún mọ́kàndínlógún."

"Tí kò tíì ṣe fíríìdọ̀ọ̀mù? Ṣé olórí kunkun ni?"

Adébárẹ́ rẹ ohùn sílẹ̀. "Ọ̀gá ló yẹ kó kọ́kọ́ darúgbó kí ọmọ-iṣẹ́ tó gba ipò rẹ̀, Mà. Ẹ̀ẹ̀mẹ́fà ni wọ́n ti tún ọrùn tiwọn ṣe. Nínú Ìwé, ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni wọ́n. Láràárọ̀, Ọ̀gá ló ń kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀ fún ọmọ-iṣẹ́, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í jágbe mọ́ ọn."

Ìbídùnní rẹ́rìn-ín títí ọrùn rẹ̀ fi ń mì lọ́tùn-ún lósì. Lẹ́yìn náà ló rí iye tó hàn lórí dígí, ẹ̀rín sì dá. Mẹ́jọ. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e kó tó di pé ẹnikẹ́ni yí ọkàn padà. Inú rẹ̀ dùn, irú ìdùnnú tí kì í ṣe ti ohun tí a rà, bí kò ṣe ti iye tí a rà á.

Dókítà Ọyínkán ga, ọwọ́ rẹ̀ tutù, kò sì sọ̀rọ̀ púpọ̀ títí ó fi pa ojú ibẹ̀ kú. Dígí kan wà lókè àjà. Nínú rẹ̀ ni Ìbídùnní ti rí abẹ́rẹ́ náà: ojú pupa kékeré kan wà ní ìdí rẹ̀. Bó bá ti rán ojú kan, á ṣẹ́jú.

"Ó ń dùn yín, Mà?"

"Rárá. Ó kàn ń ró bí ìgbà tí wọ́n ń fa aṣọ ya."

"Ẹ má mira." Dókítà náà ṣiṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀. "Ọrùn yín dáa o. Ìlà mẹ́ta gbáko, bí ẹni fi òwú dì í. Láyé ijọ́un, orin ni wọn ì bá fi ọrùn yìí kọ."

"Màmá mi ló fà á. Àdí àti omi gbígbóná, láràárọ̀, títí mo fi rìn. Wọ́n á mú orí mi lọ́wọ́ méjèèjì, wọ́n á gbé mi rọ̀."

"Ìyá tèmi náà nìyẹn. Ẹ wo bí ìyá ẹni ṣe fà á lọ́fẹ̀ẹ́ tó."

Abẹ́rẹ́ náà tún ń ṣẹ́jú lọ. Ìbídùnní ń ronú ọwọ́ Màmá. Ojú Màmá ti lọ, etí sì ti tẹ̀lé ojú. Ọwọ́ nìkan ló kù tó ń bá ayé sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá wọlé, ọrùn rẹ̀ ni wọ́n máa ń tọ́ wò. Bí wọ́n bá ti kan ìlà mẹ́ta yẹn, wọ́n á ní, "Àkọ́bí mi dé."

Ó gbé èrò náà kúrò lọ́kàn. Ọwọ́ tó mọ̀ ọ́n láti kékeré, ṣé ìlà nìkan ló mọ̀ ni?

"Ó parí, Mà," ni Dókítà Ọyínkán wí.

Ẹnu Ìbídùnní ló ṣe é, kì í ṣe òun. Ọjà tí wọ́n jọ ná tán lówùúrọ̀ ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. "Ó parí kẹ̀? Ènì mi ńkọ́?"

Dókítà náà dúró. Ó wá bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín obìnrin tó ti pẹ́ tí wọn kò ti pa á lẹ́rìn-ín. "Ènì! Láti ọdún mọ́kàndínlógún, ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ béèrè ènì lọ́wọ́ mi. Epo ni ìyá mi ń tà, Mà. Wọ́n ní ẹni tí kò bá bu ènì, ọlọ́jà kọ́, olè ni."

"Ìyá rere ló bí ọ."

"Ẹ dúró ná. Ó kù díẹ̀ tó rọ̀ lábẹ́ etí yín." Abẹ́rẹ́ náà wọlé, ó jìn díẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Ojú pupa náà ṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. "Ènì yín nìyẹn. Ẹ má sọ fún Ọ̀gá o."

"Kò ní tán lọ́wọ́ rẹ," ni Ìbídùnní wí, tọkàntọkàn.

Nígbà tó dé iwájú tábìlì, tòun ti ọ̀já funfun lọ́rùn, Adébárẹ́ kò wo ojú rẹ̀.

"Mẹ́wàá, Mà."

"Mẹ́jọ la jọ ná an sí."

"Ojú iṣan méjì wà níbẹ̀, ọ̀tún, òsì. Ọdún kan ni ọ̀kọ̀ọ̀kan."

"Ènì ni! Dókítà náà ló bù ú fún mi! Pè é wá."

Dókítà Ọyínkán wá. Ó wo dígí, ó sì kúnlẹ̀ síbi tó dúró sí. "Mo rò pé ènì kò sí nínú ìṣirò, Mà. Nídìí epo, ènì kì í sí nínú ìṣirò."

"Ọwọ́ yín kọ́ ló ń kà á, Dókítà. Abẹ́rẹ́ ló ń kà á," Adébárẹ́ wí, "abẹ́rẹ́ kò sì mọ ènì. Ó ti wọ Ìwé. Ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́ta ni yín, Mà."

Adéọtí jẹ́ mẹ́tàdínlọ́gọ́ta.

"Tú u," ni Ìbídùnní wí. Ó fi ìka tọ́ka sí ọ̀já náà. "Tú ojú méjì náà. N kò fẹ́ ẹ mọ́."

"A lè tú u, Mà. Ṣùgbọ́n abẹ náà ni a ó fi tú u." Adébárẹ́ tẹ dígí, ó sì yí i sí i pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ń fi òkú hàn ọlọ́kùú. Títú: ọdún mẹ́ta.

Lọ́jọ́ Ajé, òpó Ilé Omi kà á sí ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́ta, ó sì ní kó máa wọlé. Àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ yọ̀ mọ́ ọn. Ọ̀kan ní ọrùn rẹ̀ dà bí ọrùn ọmọge, Ìbídùnní sì wo ara rẹ̀ nínú omi àgbá, ó rí i pé òótọ́ ni. Inú rẹ̀ sì dùn fún bí ìṣẹ́jú kan, kó tó rántí. Kó tó wọ yàrá, ó tún ọ̀já náà dì. Màmá tọ́ ọ̀já náà wò, wọ́n béèrè pé, "Ṣé òtútù ń mú ọ ni?" Ó di ọwọ́ wọn mú títí wọ́n fi sùn.

Ní Ọjọ́bọ̀, òfin ní kí ọrùn wà ní gbangba níwájú àwo àtẹ́lẹwọ́. Ó tú ọ̀já náà. Ó gbọ́ tí ọkọ̀ kan dúró nísàlẹ̀. Tí àwọn Òkè-Ìdẹ̀ra bá fẹ́ béèrè ọ̀rọ̀ yìí, tọkọ̀tọkọ̀ ni wọ́n máa ń wá.

Adéọtí wọlé, orúnkún rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀ fúnra rẹ̀, bó ti máa ń lọ láti ọjọ́ tó ti mọ ẹsẹ̀ í tẹ̀.

"Adéọtí, dìde," òpó ẹnu-ọ̀nà wí. "Ìbídùnní ló kéré."

Àwọn méjèèjì dúró. Adéọtí wo ọrùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó wò ó, ó tún un wò.

"Ẹ̀gbọ́n mi, kí lẹ ṣe?"

Òpó náà ké gbọ̀ọ́n: àgbà kì í pe àbúrò ní ẹ̀gbọ́n. Adéọtí fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Adéọtí, ènì ni mo béèrè," ni Ìbídùnní wí, òpó náà sì tún ké. Ó wá kúnlẹ̀. Ó ṣòro ju bó ti rò lọ. Orúnkún ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin kò gbọ́ pé wọ́n ti tún ọrùn ṣe. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀wọ́. Ẹ má fi ọwọ́ sí i. Ẹ máa bu omi tèmi, gbogbo rẹ̀. N ó máa lá ìyókù ẹ̀rọ."

Adéọtí bú sẹ́kún. "Ṣé inú mi dùn ni? Ẹ dìde... dìde, má kúnlẹ̀ fún mi. Láràárọ̀, àwọn ọmọ mi ń lá ògiri ilé ìwẹ̀, kí òógùn ara rẹ̀ tó gbẹ. Èyí tó kéré jù kì í sunkún mọ́. Ó ní ó ń fi omi ṣòfò. Ìwọ tó ń ṣọ́ omi gbogbo ìlú, o ò béèrè rí. Mo kúnlẹ̀ lésìí, o ò béèrè."

Òótọ́ ni. Kò béèrè.

Adéọtí gbé àtẹ́lẹwọ́ lé àwo náà, ó sì yí ojú sí ògiri.

Àwọn méjì tó wá láti Òkè-Ìdẹ̀ra gbé Màmá sórí àga oníkẹ̀kẹ́. Àwọn náà lójú ọmọ ọdún márùndínlọ́gbọ̀n, wọ́n sì ń ṣe jẹ́jẹ́. Ní ẹnu-ọ̀nà, Màmá na ọwọ́ síta.

"Ta ló wà níbẹ̀?"

Adéọtí tẹ orí ba. Ọwọ́ náà tọ́ ọ wò. "Adéọtí nìyí. Ọrùn kúkúrú bíi ti baba rẹ̀."

Ìbídùnní súnmọ́ ọn lórí orúnkún, ó gbé ọrùn sábẹ́ ọwọ́ ìyá rẹ̀. Ìka náà rìn láti abẹ́ etí dé ọ̀nà ọ̀fun, ó ń wá nǹkan. Ibi gbogbo ń dán. Ó dé ojú abẹ́rẹ́ méjì abẹ́ etí, ó dúró níbẹ̀ díẹ̀, ó sì kúrò tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, bí a ti ń kúrò lára ọmọ ọlọ́mọ.

"Ẹ kú àlejò o," ni Màmá wí. "Jọ̀wọ́, bá mi pe àkọ́bí mi. Sọ fún un pé mò ń lọ."

Ìbídùnní di ọwọ́ náà mú, ó ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọrùn, mọ́ ojú, mọ́ àyà. Màmá rọra yọ ọ́.

"O ṣeun, ọmọ dáadáa. Kò burú. Yóò ti lọ síbi iṣẹ́."

Lọ́jọ́ kẹta, ìkíni Màmá dé sí yàrá òfìfo náà. Ohùn náà dún ketekete. Ó ní ara òun le, ibẹ̀ tutù, omi sì pọ̀. Ó kọ́kọ́ kí Adéọtí àkọ́bí òun, kó tó wá kí àbúrò rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, bíi ti ọkọ Ìyá Adéṣínà gẹ́lẹ́.